A Kì í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí

Ọ̀ràn kan wà tí ó dàbí ẹni pé ó jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n tí kò jìnnà. Bí a bá bu ẹran ara ènìyàn díẹ̀, tí a sì sọ ọ́ di púpọ̀ nínú ilé ìwádìí, ta ni ó ni ín?

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí àgbẹ̀ tí ń lọ́ igi ọsàn ní Fìdítì tàbí ní Ìlọrà yóò tètè mọ bí iṣẹ́ náà ti rí. Àwọn oníṣègùn a mú sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ lára aláìsàn, wọn a sì tọ́ ọ nínú àpótí tí ó móoru bí ara ènìyàn, ní ìwọ̀n 37 Celsius. Nígbà tí ó bá pọ̀ tó, wọn a pò ó mọ́ ohun kan tí ó rọ̀ bí ẹ̀kọ, ẹ̀rọ a sì máa tẹ̀ ẹ́ lé ara wọn ní ìpele-ìpele. Ní ọdún 2006, Anthony Atala àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ròyìn àpò ìtọ̀ tí wọ́n ti inú sẹ́ẹ̀lì aláìsàn fúnra rẹ̀ hù. Ní ọdún 2022, a fi etí tí ẹ̀rọ tẹ̀ sí ara obìnrin kan níbẹ̀. Ti kíndìnrín kò tí ì ṣeé ṣe, nítorí ó ṣòro láti ṣe àwọn iṣan tín-ín-rín tí yóò máa gbé ẹ̀jẹ̀ dé inú rẹ̀.

Ire tí ó wà nínú rẹ̀ kò kéré. Ní ọdún 2023, ilé ẹjọ́ kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù dá aṣòfin àgbà ilẹ̀ wa kan lẹ́bi pé òun àti aya rẹ̀ pẹ̀lú oníṣègùn kan dìmọ̀ láti lo kíndìnrín ọ̀dọ́mọkùnrin tálákà kan. Bí a bá lè hu kíndìnrín, ta ni yóò tún máa wá ti ọmọ ẹlòmíràn?

Ṣùgbọ́n ilé ìwádìí náà kò lè ṣe iṣẹ́ láìsí sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. Ní ọdún 1951, ní Baltimore, a mú sẹ́ẹ̀lì lára Henrietta Lacks, obìnrin aláwọ̀ dúdú, láìbi í léèrè. Ó kú ní ọdún kan náà. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣì ń pọ̀ sí i káàkiri ayé títí di òní.

Àwọn kan yóò wí pé, ta ni í bèèrè irun tí onígbàjámọ̀ gbá dànù? Irun a máa jẹrà, ọ̀ràn rẹ̀ a sì parí. Sẹ́ẹ̀lì tí a tọ́ lè wà lẹ́yìn olówó rẹ̀, ó sì ń sọ àṣírí àjogúnbá àwọn ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà ni òfin ìlera ilẹ̀ wa ti ọdún 2014 fi béèrè ìyọ̀ǹda ẹni náà, tí ó sì ka títà ẹran ara léèwọ̀.

Síbẹ̀, òfin nìkan kò tó. Bí ìyá àgbà kan láti Akinmọ̀ọ́rìn bá tẹ ìka sí ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí kò yé e, a kò lè pe èyí ní ìyọ̀ǹda. Bí a ó bá dá irú ilé ìwádìí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní agbègbè wa lọ́jọ́ kan, ẹ jẹ́ kí ohun èlò àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ jẹ́ ẹni tí yóò jókòó ti aláìsàn, tí yóò là á yé e ní èdè rẹ̀, tí yóò sì gba “rárá” rẹ̀ láìbínú. Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ yín ni èyí. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí.