Ẹnu Ló Jẹ̀bi ni, àbí Etí?

Tí orin bá dun ìjọba, ta ló jẹ̀bi: ẹnu tó kọ ọ́ ni àbí etí tó gbọ́ ọ?

Lọ́dún 1963, àwọn Kingsmen, ẹgbẹ́ olórin kan láti Portland ní Amẹ́ríkà, gbé “Louie Louie” jáde. Ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ò já geere rárá, làwọn òbí bá ní ìsọkúsọ ló kún ibẹ̀. FBI wádìí ẹ̀ fún ohun tó lé lọ́dún méjì. Wọ́n yí àwo náà sáré, wọ́n yí i jẹ́jẹ́, wọ́n ní àwọn ò gbọ́ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó ń wọkọ̀ òkun lọ bá olólùfẹ́ ẹ̀ ni. Ohun tó wà lọ́kàn olùgbọ́ ni olùgbọ́ gbọ́.

Tiwa yàtọ̀. Nígbà tí Eedris Abdulkareem, tí bàbá ẹ̀ jẹ́ ará Iléṣà, kọ “Jaga Jaga” ní 2004, ketekete la gbọ́ ọ. Ààrẹ Ọbásanjọ́ bínú, wọ́n sì fòfin dè é lórí rédíò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, NBC tún ní kí wọ́n má lu “Tell Your Papa” mọ́, orin tó kọ sí Seyi Tinubu, ọmọ ààrẹ.

Ẹ gbọ́ ná. Eedris kọ́ ló dá ọ̀rọ̀ náà, jágajàga, sílẹ̀. Ìyá tó bá aṣọ ọmọ ẹ̀ nílẹ̀ káàkiri, ohun tó máa sọ nìyẹn. Ṣé ìyá ló wá da yàrá rú ni?

Wọ́n á ní kò yẹ ká máa bú àgbà. Mo gbà. Tí orin bá parọ́ mọ́ èèyàn, ilé ẹjọ́ ṣí sílẹ̀. Àmọ́ kí ẹni tí wọ́n ń bá wí tún jẹ́ adájọ́, ìyẹn ò bójú mu. Àwọn baba wa ní ọba kì í pa ọ̀kọrin. Ní alẹ́ ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, wọ́n ń kọrin bá ìjòyè wí lójú ayé, ilẹ̀ á sì mọ́ láìsí wàhálà. Kì í ṣe pé olórin ò lè ṣì í sọ. Tí gbogbo èèyàn bá panu mọ́, ọba ò ní mọ ibi tí ilé ti ń jò.

Àwa tá a ní dátà, a ó gbọ́ orin náà lórí YouTube. Bàbá tó jẹ́ pé rédíò nìkan ló ní ni òfin yìí mú.

Odídẹrẹ́ ni wọ́n fi ń ki Ìwó. Ẹyẹ tó ń sọ ohun tó bá gbọ́ nínú ilé ni. Tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò bá dùn létí, ilé ló yẹ ká tún ṣe, kì í ṣe ká di ẹyẹ lẹ́nu.