Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Adájọ́ Gbà Pé Òun Ṣàṣìṣe?

Ẹni tí ó bá ti di fèrè mú láàrin pápá rí yóò mọ̀ pé iṣẹ́ adájọ́ eré kì í ṣe iṣẹ́ tí a fi ń wá ọ̀rẹ́. Bí ó bá dá ẹjọ́ re, a ó ní iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ṣe. Bí ó bá ṣì í dá, gbogbo ìlú ni yóò gbọ́. Èmi náà di fèrè mú rí ní Ìgbẹ̀sà, n ó sì padà sórí ìyẹn. Ohun tí mo ń bi ara mi ni pé: bí adájọ́ bá rí àṣìṣe rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹjọ́ ti parí, ǹjẹ́ ó yẹ kí ó là á sọ, tàbí kí ó pa ẹnu mọ́ kí ipò rẹ̀ má baà di yẹpẹrẹ?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ti Amẹ́ríkà wò. Wọ́n ní eré kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní bésìbọ́ọ̀lù; ẹni tí ó bá ti gbá ráúńdà rí nílé ẹ̀kọ́ kò ní ṣàì lóye rẹ̀. Ẹnì kan a ju bọ́ọ̀lù, ẹlòmíràn a fi kùmọ̀ gbá a, a sì sáré lọ sí ibùdó kìíní. Bí bọ́ọ̀lù bá ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, ó di ẹni ìta. Jim Joyce ti ń dájọ́ eré yìí ní ipele tí ó ga jù lọ láti ọdún 1987. Ní alẹ́ ọjọ́ 2, oṣù Kẹfà, ọdún 2010, ní ìlú Detroit, Armando Galarraga, ọmọ Venezuela, ni ó ń ju bọ́ọ̀lù. Ènìyàn 26 ni ó ti dojú kọ ọ́, kò sì sí ẹyọ kan tí ó dé ibùdó kìíní. Ó ku ẹnì kan ṣoṣo. Láti ohun tí ó lé ní 130 ọdún, ìgbà 20 péré ni ẹnì kan ti ṣe irú rẹ̀ já. Ẹni kẹtàdínlọ́gbọ̀n gbá bọ́ọ̀lù, ó sáré. Bọ́ọ̀lù ṣáájú rẹ̀ dé. Joyce na ọwọ́ méjèèjì pé asáré ni ó kọ́kọ́ dé. Galarraga rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí eré parí, Joyce wo àwòrán ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó sì rí i pé òun ti ṣì í dá. Kò wá àwáwí kankan. Ó jẹ́wọ́ fún àwọn oníròyìn pé òun ni òun fi ọlá náà du ọmọkùnrin náà. Ó ní kí wọ́n bá òun pè é wá, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Bud Selig, olórí eré náà, kò yí ìdájọ́ padà. Lọ́jọ́ kejì, Galarraga fúnra rẹ̀ ni ó gbé ìwé orúkọ àwọn eléré wá bá Joyce ní pápá; àgbàlagbà ọkùnrin náà sì ń nu ojú níwájú gbogbo ènìyàn. Nínú oṣù yẹn kan náà, nígbà tí ìwé ìròyìn ESPN bi 100 eléré léèrè pé ta ni adájọ́ tí ó mọ iṣẹ́ jù, Joyce ni wọ́n dárúkọ jù lọ. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí di ọdún 2016.

Àwa náà rí tiwa ní Sùúrùlérè. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kejì, ọdún 2000, Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù gbá àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà ní òmì, 2 sí 2, ó sì di pẹ́nárítì. Bọ́ọ̀lù tí Victor Ikpeba gbá ba ọ̀pá òkè, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì ta padà jáde. Rẹfirí Mourad Daami, ará Tùnísíà, ní kò wọlé. Àwòrán tẹlifísàn fi hàn wá pé ó ti kọjá ìlà. Kamẹrúùnù fi 4 sí 3 gba ife lọ. Èmi náà wà lára àwọn tí ó bú u, ṣùgbọ́n nísinsìnyí mo ń rò ó pé bí ó bá dìde lálẹ́ ọjọ́ náà tí ó ní, “Mo ṣì í dá,” ta ni yóò sìn ín dé ilé ìtura?

Nítorí náà, àwọn tí ó ní kí adájọ́ dákẹ́ kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, kì í ṣé é kó. Bí ẹni tí ó pàdánù bá mọ̀ pé ìjẹ́wọ́ lè jáde lọ́la, kò ní fara mọ́ ìdájọ́ òní. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni wọ́n dà pọ̀. Ìdájọ́ jẹ́ ti eré, ó sì lè dúró kí eré lè parí. Òótọ́ jẹ́ gbèsè tí adájọ́ jẹ ẹni tí ó ṣẹ̀. Ìdájọ́ Detroit dúró bí ó ti wà, síbẹ̀ Joyce san gbèsè rẹ̀. Ẹni tí òkò ń dúró dè lè ní sùúrù kí ara tutù kí ó tó san tirẹ̀; n kò rí i kà níbì kankan pé ojú ọjà ni a ti gbọ́dọ̀ san gbogbo gbèsè.

Ẹ̀rọ ti wọ inú rẹ̀ báyìí. Ọdún 2014 ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ ń ṣọ́ ìlà ilé bọ́ọ̀lù nínú ìdíje ife-ẹ̀yẹ àgbáyé; ọdún náà ni bésìbọ́ọ̀lù gba àtúnwò àwòrán láyè fún irú ẹjọ́ tí Joyce dá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń máàkì ìwé ìdánwò lóru, tí oorun ń kùn wá, ẹ̀rọ wo ni ó ń ṣọ́ wa?

Kí àgbègbè òwò Ogun-Guangdong tó gba ilẹ̀ ní Ìgbẹ̀sà ni mo ṣe rẹfirí fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ méjì kan. Ọmọkùnrin kan gbá bọ́ọ̀lù wọlé, mo fun fèrè pé ọ́fúsáìdì ni. Bí mo ti mú fèrè kúrò lẹ́nu ni mo rí ẹnì kan nínú àwọn alátakò tí ó fẹ̀yìn ti òpó ilé. Góòlù ni. N kò sọ ọ́. Mo ní bí tíṣà bá gbà lójú akẹ́kọ̀ọ́ pé òun ṣàṣìṣe, ta ni yóò bẹ̀rù rẹ̀ ní kíláàsì lọ́jọ́ Ajé?

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, mo pàdé ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ kan, ó wọ aṣọ iṣẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Mo jẹ́wọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

“Tíṣà, gbogbo wa ni a mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ẹ rí i. Ojú yín ni a ń wò.”

Ó ní kí n kí ìyàwó mi, ó sì wọlé lọ sẹ́nu iṣẹ́.