Ẹ̀yà Ara Tí A Ń Bò

Ẹ̀kọ́ kíkà: Ìwé Kìíní sí Àwọn Ará Kọ́ríńtì, orí 12, ẹsẹ 14 sí 26.



Nínú ẹ̀kọ́ tí a kà lónìí, Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù fi ìjọ wé ara ènìyàn. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ ìwàásù lórí ojú àti ọwọ́, bí ọ̀kan kò ti lè sọ pé òun kò nílò èkejì. Ṣùgbọ́n ibì kan wà níbẹ̀ tí a máa ń sáré kọjá. Àpọ́sítélì kọ́ wa pé àwọn ẹ̀yà tí a kò kà sí ọlọ́lá, àwọn gan-an ni a ń fi ọlá bò jù, àti pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí a dúró níbẹ̀ lónìí. Ìfun wà lára àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí, mo sì ti ṣẹ ẹnì kan láàárín yín nítorí rẹ̀.

Arákùnrin náà ju mí lọ ní ọjọ́ orí. Ó ní kí n má dárúkọ òun, ṣùgbọ́n ó gbà mí láàyè kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí. Inú rírun dá a gúnlẹ̀, àwọn dókítà sì rí i pé jẹjẹrẹ wà ní ìsàlẹ̀ ìfun ńlá rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n gé ibi tí ó bàjẹ́ kúrò, wọ́n sì so ìyókù pọ̀. A gbààwẹ̀, a gbàdúrà, Olúwa sì gbọ́. Ẹ rántí bí a ti jó tó ní ọjọ́ ìdúpẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni a kò ti rí i nínú ìsìn mọ́.

Ọ̀rọ̀ wá pọ̀. Àwọn kan ní, "Ó ti rí ìwòsàn tán, ó ti gbàgbé Ẹni tí ó wò ó sàn." Arábìnrin kan gbé oúnjẹ ìsọmọlórúkọ lọ fún un, ó sì bínú padà wálé pé kò jẹ ju òkèlè mẹ́ta lọ. Èmi pàápàá gba ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn gbọ́. Mo mú Bíbélì mi, mo lọ sí ilé rẹ̀ láti bá a wí.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó di ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá tí a ti rí yín mọ. Kí ni Ọlọ́run fi ṣe yín?"

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Olùṣọ́, Ọlọ́run kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ilẹ̀kùn yín ni."

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Láti ìgbà iṣẹ́ abẹ náà, ó lè lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Bí ó bá sì ti dé sí i, kì í fún un láàyè kí ó ka ẹsẹ Bíbélì kan tán. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ rẹ̀ gan-an, ó ti jáde ní ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà tí ó dìde ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ìwàásù ti bẹ̀rẹ̀. Adènà na ọwọ́ dí ilẹ̀kùn, nítorí èmi ni mo pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe jáde nígbà ìwàásù. Ó dúró níbẹ̀ nínú agbádá funfun tí ó dá fún ìdúpẹ́. Kò sọ èyí tí ó kù fún mi. Ìyàwó rẹ̀ ni ó sọ pé agbádá náà wà nínú àpótí, àti pé bàbá ti ní òun kò ní wọ̀ ọ́ mọ́ láéláé.

Ẹ̀yin ará, n kò ṣí Bíbélì mi ní ọjọ́ náà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn èyí, mo lọ bi dókítà kan léèrè, kí n má bàa tún ṣẹ̀ nínú àìmọ̀. Ó ní ìfun kékeré gùn tó nǹkan bí mítà 6, ìfun ńlá sì tó nǹkan bí mítà 1.5. Ìfun kékeré ni ó ń fa agbára inú oúnjẹ fún ara. Ìfun ńlá a máa fa omi àti iyọ̀ kúrò nínú ohun tí ó kù, títí yóò fi le. Apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá dà bí àká, òun ni ó ń tọ́jú rẹ̀ títí di ìgbà tí ó bá rọ̀ wá lọ́rùn. Bí a bá gé lára àká, àyè ìpamọ́ kò tó mọ́. Ìdí nìyí tí ìgbọ̀nsẹ̀ fi ń dé lójijì, léraléra, díẹ̀díẹ̀. Ara ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa balẹ̀ sí i láàárín oṣù púpọ̀, ó lè tó ọdún kan tàbí méjì. Ti àwọn mìíràn kì í padà sí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe jẹjẹrẹ nìkan ni ó ń fa irú iṣẹ́ abẹ yìí. Táífọ́ọ̀dù a máa dá ihò sí ìfun kékeré, ìfun a máa lọ́ pọ̀, ìpá a sì máa há. Àwọn kan wà tí dókítà la ihò sí ikùn wọn, tí ìgbọ̀nsẹ̀ ń gba ibẹ̀ jáde sínú àpò, fún ìgbà díẹ̀ tàbí títí ọjọ́ ayé wọn. Ẹni tí ó wọ àpò náà kò di aláìmọ́. Ọ̀nà ìyè ni wọ́n là fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ipò yìí, ẹ má ṣe rò pé ìgbàgbọ́ yín ni kò tó. Jékọ́bù jìjàkadì ní Pẹ́níẹ́lì títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó gba ìbùkún, ṣùgbọ́n ó ń tiro nígbà tí ó ń lọ. Ìtiro náà kò pa ìbùkún rẹ̀ rẹ́. Inú a máa yọ Tímótì lẹ́nu pẹ̀lú, Pọ́ọ̀lù kò sì bá a wí. Ìmọ̀ràn ni ó fún un lórí ohun tí yóò máa mu. Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kí ènìyàn máa ṣọ́ ohun tí ó ń wọ ẹnu rẹ̀.

Nígbà tí ó rẹ Èlíjà, áńgẹ́lì fún un ní oúnjẹ, ó sùn, ó tún jí i kí ó jẹun. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ̀yin náà máa ṣe. Ẹ jẹ díẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà dípò àwo ńlá kan ṣoṣo, kí ẹ sì rún un kúnná. Ìrẹsì, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ a máa bá inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ mu. Ata, ẹ̀wà, àti kábéèjì tí ó pọ̀ ní Jos wa yìí a máa da inú àwọn mìíràn rú. Ẹ dán wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wọ àpò, ẹ ṣọ́ra fún àgbàdo àti ẹ̀pà, nítorí wọ́n lè dí ọ̀nà náà bí a kò bá rún wọn dáadáa. Bí inú bá ń ṣí púpọ̀, ara nílò iyọ̀ pẹ̀lú omi. Ẹni tí wọ́n gé ìparí ìfun kékeré rẹ̀ lè nílò abẹ́rẹ́ fítámìn B12, kí ó bi dókítà rẹ̀. Ẹ má ṣe mu àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ ìfun. Bí ẹ bá sì rí ẹ̀jẹ̀, tàbí tí inú wú tí ó ń dùn yín, tí ẹ ń bì, tí afẹ́fẹ́ pàápàá kò jáde, ẹ má ṣe dúró di òwúrọ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.

Ẹ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Nísinsìnyí, mo yíjú sí ẹ̀yin tí inú yín ń ṣe déédéé. Bí àlejò yín kò bá jẹun tán, ẹ má ṣe bínú, ẹ má sì fi dandan bù sí i fún un. Nígbà tí a bá ń lọ sílé fún ọdún, tí a sì wà nínú bọ́ọ̀sì láti ìhín títí dé Ogbómọ̀ṣọ́, bí ẹnì kan bá bẹ awakọ̀ pé kí ó dúró, ẹ má ṣe kùn, ẹ má sì rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá gbóòórùn nǹkan lára ẹni tí ó jókòó tì yín, ẹ má ṣe fi ọwọ́ di imú. Ẹni tí ó mọ̀ pé a lè gbóòórùn òun, tí ó sì tún wá sí ilé Ọlọ́run, ìgbàgbọ́ rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ nínú wa lọ.

Mo ti fagi lé àṣẹ mi. Láti ìsinsìnyí lọ, adènà kan kò gbọ́dọ̀ dí ilẹ̀kùn mọ́. Ìjókòó méjì tí ó wà létí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jẹ́ ti ẹni tí ó bá lè nílò láti jáde, a kò sì ní bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò ní wà ní títì pa nígbà ìsìn, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin yóò sì máa pọn omi síbẹ̀ ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó kọjá, ẹ̀gbọ́n wa wá. Aṣọ àǹkárá ni ó wọ̀. Ó jáde nígbà tí mo ń wàásù, n kò sì dákẹ́. Nígbà tí a dé ibi ìbùkún, mo gbójú sókè, mo rí i tí ó ti padà sí ìjókòó rẹ̀. Mo ń gbàdúrà fún ọjọ́ tí yóò mú agbádá funfun náà jáde nínú àpótí. Ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà wà, ẹ̀yin ará. Ọwọ́ wa ni.

Kí Olúwa, tí ó fi ọlá fún ẹ̀yà tí kò ní ọlá, kọ́ wa láti máa bo ara wa láṣìírí. Àmín.