Ta Ni À Ń Ṣe Ilé Lọ́ṣọ̀ọ́ Fún?

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ lọ sí òde. Gbogbo wa ni a mọ òwe yìí, a sì fẹ́ràn láti máa fi kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìwà rere. Ṣùgbọ́n bí a bá wọ inú ilé púpọ̀ nínú wa, a ó rí i pé a ti yí òwe náà po. Láti òde ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ wá sí ilé, àwọn ará òde ni a sì ń kó o wá fún. Pálọ̀ tí àlejò ń jókòó sí ń dán bí dígí. Ìyẹ̀wù tí ìyá arúgbó ń sùn sí ṣókùnkùn bí inú àká. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò ní oṣù yìí nìyí: ta ni à ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ fún, kí ni ó sì yẹ kí á ná sí i?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Mo mọ ẹni tí ó jẹ gbèsè nítorí àga. Èmi fúnra mi ni ẹni náà.

Ní ọdún 1996, nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, àwa àti àwọn ọmọ wa ń gbé yàrá mẹ́ta nínú ilé àtijọ́ kan tí a fi amọ̀ mọ, tí a sì fi sìmẹ́ńtì rẹ́. Àbúrò mi obìnrin fẹ́ lọ sí ilé ọkọ, àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ sì ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá mọ̀ wá. Ojú tì mí nítorí àga onígi tí a ní. Mo tọ oníṣòwò kan lọ, mo gba àga onítìmùtìmù mẹ́rin àti kápẹ́ẹ̀tì kan ní àwìn, a sì ṣe àdéhùn pé èmi yóò máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní oṣooṣù. Oṣù 14 ni mo fi san án. Nígbà tí àwọn àlejò náà dé, wọ́n jókòó fún nǹkan bí wákàtí méjì, wọ́n jẹun, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì lọ. Kò sí ẹni tí ó sọ ohunkóhun nípa àga. Láti ọjọ́ náà ni a ti fi ọ̀rá bo àwọn àga náà, a sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé wọn kò gbọdọ̀ jókòó lé wọn. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí ka ìwé wọn.

Ní àárín oṣù 14 wọ̀nyí ni ìyá mi wá bá wa gbé. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Yàrá ẹ̀yìn, níbi tí a ń kó ẹrù sí tẹ́lẹ̀, ni a fi í sí. Fèrèsé kan ṣoṣo ni yàrá náà ní, àpótí ńlá kan sì dí ìdajì rẹ̀. Èéfín ti sọ ògiri rẹ̀ di dúdú, ilẹ̀ rẹ̀ sì ti là ní ẹnu ọ̀nà. Ìyá mi kò ráhùn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó fi ẹsẹ̀ kọ ibi tí ilẹ̀ ti là, ó ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì rọ́. Bí mo ti ń gbé e dìde ni mo ń bẹ̀ ẹ́. Ó dá mi lóhùn pé, “Ọmọ mi, èmi kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni mo dé. Ọ̀sán àti òru kò yàtọ̀ nínú yàrá yìí.”

Ọ̀rọ̀ náà gún mi ní ọkàn. Mo lọ jókòó ní pálọ̀, lórí àga tí mo ṣì ń san owó rẹ̀, mo sì wo àyíká mi. Gbogbo ohun tí ó dára nínú ilé mi ni mo ti kó jọ de ẹni tí kò sí nílé.

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e, èmi àti àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èmi kò ní owó lọ́wọ́, nítorí oníṣòwò àga ti gba èyí tí ó wà. Ìyá mi ni ó di ọ̀gá iṣẹ́. Ní ìgbà èwe rẹ̀ a máa bá ìyá tirẹ̀ rẹ́ ilé. Ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé ọwọ́ tí a fi aṣọ dì lé itan, ó sì ń pàṣẹ fún wa. Ó ní kí á kọ́kọ́ kó gbogbo ẹrù síta, kí á gbọn òwú aláǹtakùn, kí á fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ èéfín kúrò lára ògiri, nítorí ohun tí a bá kùn lé ìdọ̀tí lórí kì í pẹ́ tí yóò fi ṣí. Bíríkìlà kan tí ó jẹ́ aládùúgbò wa fún wa ní ìyókù sìmẹ́ńtì rẹ̀, ó sì bá wa dí ilẹ̀ tí ó là. A po ẹfun ìkunlé, a bu iyọ̀ díẹ̀ sí i kí ó lè di ògiri mú, a sì kùn ún ní ẹ̀ẹ̀mejì. A jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ gbẹ dáadáa kí á tó kun èkejì. Àpótí tí ó dí fèrèsé ni a tú, a sì fi pákó rẹ̀ kan pẹpẹ mọ́ ògiri, ní ibi tí ọwọ́ ìyá mi lè dé láti orí ibùsùn. Aṣọ àdìrẹ rẹ̀ kan tí ó ti gbó ní etí ni a gé, tí a ṣẹ́ létí, tí a sì ta sí fèrèsé. Àbíkẹ́yìn mi po búlúù tí a fi ń fọ aṣọ mọ́ ẹfun díẹ̀, ó sì fi kun férémù ìlẹ̀kùn yíká, kí ìyá àgbà lè máa dá ẹnu ọ̀nà mọ̀ lára ògiri funfun. Èmi kò kọ́ ọ. Òun ni ó rò ó.

Gbogbo owó tí a ná kò tó èyí tí mo ń san lórí àga ní oṣù kan ṣoṣo. Nígbà tí a mú ìyá mi wọlé, ó dúró ní àárín yàrá, ó sì wí pé, “Mo rí fèrèsé.” Ọdún méjì ni ó fi gbé inú yàrá náà kí Ọlọ́run tó pè é. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń ka ìwé wọn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ronú nípa bí àwọn baba ńlá wa ti ṣe ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ọ̀ṣọ́ ilé jẹ́ ohun tí ọkọ̀ òkun gbé wá fún wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, ó ju 600 ọdún lọ sẹ́yìn, àwọn ènìyàn a máa to àpáàdì ní òró sínú ilẹ̀ àgbàlá, wọn a sì máa fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun sí àárín wọn, títí ilẹ̀ yóò fi dàbí aṣọ tí a hun. Ìtàn ìlú náà sọ pé Lúwòó, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni, ni ó pàṣẹ iṣẹ́ náà. Ẹ kíyèsí i pé ìkòkò tí ó ti fọ́ ni àpáàdì, ohun tí a ìbá dà sí ààtàn. Bákan náà ni àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ti ń fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe ya àwòrán sára aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mú un. Àdìrẹ tí a ta sí fèrèsé ìyá mi, èyí tí à ń pè ní Ìbàdàn Dùn ni. Àwòrán òpó Gbọ̀ngàn Mápó, tí a ṣí ní ọdún 1929, wà nínú rẹ̀, ṣíbí sì wà ní àárín àwọn òpó náà. Ohun tí a bá ní ni à ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità náání èèpo igi.

Ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ pẹ̀lú a máa wá sí mi lọ́kàn. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ọ̀gá àwọn agbẹ́gilére, tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 1938, ni ó gbẹ́ ìlẹ̀kùn náà fún Ògògà. Ní ọdún 1924 a gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley, ní ìlú Lọ́ńdọ́nù. Àwọn aláṣẹ British Museum rí i, ọkàn wọn sì fà sí i. Ìlẹ̀kùn náà kò padà sílé mọ́. Àga ọba kan tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Èmi kò jókòó láti dá ọba náà lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rántí àga náà, mo máa ń rántí àga tèmi. Pàṣípààrọ̀ ni èmi náà ṣe: mo fi ìmọ́lẹ̀ yàrá ìyá mi gba ìyìn àlejò, èmi kò sì rí ìyìn náà gbà.

Ǹjẹ́ ẹlòmíràn lè wí pé, bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, asán ni ọ̀ṣọ́ ilé, kí á kúkú fi í sílẹ̀ pátápátá. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń gbé inú yàrá tí ó mọ́, tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, tí ojú rẹ̀ sì ń rí ohun tí ó wù ú ní òwúrọ̀, kì í dìde bí ẹni tí ó sùn sí inú àká. Ọ̀ṣọ́ kọ́ ni ó burú. Kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ léèrè pé: bí ó bá dá mi lójú pé àlejò kankan kì yóò wọ ilé yìí láti òní títí di ọdún tí ń bọ̀, ǹjẹ́ èmi yóò ṣe ohun tí mo fẹ́ ṣe yìí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí ó ṣe é pẹ̀lú ayọ̀. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó dúró ná.

Èmi kò sì wí pé kí á má náání àlejò. Àlejò ṣíṣe jẹ́ ìwà rere tí a fi mọ àwọn ènìyàn wa. Ṣùgbọ́n àlejò tí ó fẹ́ wa kò bèèrè pé kí á jẹ gbèsè nítorí òun. Bí ó bá sì mọ̀ pé arúgbó ilé ṣubú nínú òkùnkùn kí òun lè rí àga jókòó sí, ojú yóò ti òun náà.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, “Ilé háyà ni mo ń gbé. Kí ni èmi yóò ṣe ilé onílé lọ́ṣọ̀ọ́ sí?” Ògiri jẹ́ ti onílé ní tòótọ́, ó sì yẹ kí á gba àṣẹ rẹ̀ kí á tó kùn ún tàbí kí á kan ìṣó mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àwọn ọjọ́ tí à ń lò nínú rẹ̀ kì í ṣe ti onílé. Ọmọ tí ó dàgbà nínú yàrá háyà kò ní ìgbà èwe mìíràn tí ó fi pamọ́ de ilé tí baba rẹ̀ yóò kọ́. Aṣọ fèrèsé, ẹní, pẹpẹ tí ó dá dúró, igò tí a fi òdòdó sí, gbogbo ìwọ̀nyí ni a lè kó lọ nígbà tí a bá ń kó jáde.

Nísinsìnyí ojú wa tún ń rí ilé àwọn ẹlòmíràn lórí fóònù ní ojoojúmọ́, ilé tí a kò lè kọ́ láéláé, tiwa a sì máa dàbí ahéré ní ojú wa. Ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra. Ẹni tí ó ya àwòrán náà kò fi yàrá ẹ̀yìn rẹ̀ hàn wá.

Fún ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìmọ̀ràn díẹ̀ ni mo ní. Èkíní, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú yàrá ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jùlọ nínú ilé: arúgbó, aláìsàn, tàbí ọmọ. Èkejì, kí ó wá ìmọ́tótó àti ìmọ́lẹ̀ kí ó tó wá àwọ̀. Ògiri funfun a máa jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fìtílà kékeré tàn káàkiri yàrá. Ẹ̀kẹta, kí ó wo ohun tí ó wà nílé kí ó tó lọ sí ọjà. Ẹ̀kẹrin, bí ó bá jẹ́ ẹfun tí a sun láti ara òkúta ni ó fẹ́ lò, kí ó bo ojú àti ọwọ́ rẹ̀, nítorí a máa jó ènìyàn. Inú omi ni kí ó máa bu ẹfun sí díẹ̀díẹ̀, kí ó má ṣe da omi lé e lórí, kí ó sì mú àwọn ọmọdé kúrò nítòsí títí yóò fi pò ó tán. Ẹ̀karùn-ún, kí ó má ṣe gba ohunkóhun ní àwìn nítorí ọ̀ṣọ́.

Mo san gbèsè àga tán. Mo ṣí ọ̀rá kúrò lórí wọn, àwọn ọmọ sì jókòó lé wọn títí wọ́n fi gbó.

Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin ará, nígbà tí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ yìí tán, kí ẹ dìde, kí ẹ wọ inú yàrá tí àlejò kì í dé nínú ilé yín. Ẹ jókòó ní ibi tí ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ ń jókòó sí, kí ẹ sì wo ohun tí ó ń wò.