Ìwé, Wáàsí àti Igbó Olúwa

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti ẹ̀yin òbí, ìbéèrè kan ni mo gbé wá. Bí ẹnìkan bá ń kọ ìwé nípa ọ̀nà Ọlọ́hun, tí ó ń pe èèyàn sí wáàsí, tí ó ń ta ìwé náà níbẹ̀, tí ó tún ń kó wọn lọ rìn nínú igbó kí wọ́n lè ronú, èwo ni iṣẹ́ ẹ̀sìn nínú rẹ̀, èwo sì ni òwò? Irú òǹkọ̀wé bẹ́ẹ̀ pọ̀ nílùú òyìnbó, nítorí náà àwọn kan nínú wa sọ pé àṣà òyìnbó ni. N kò gbà.

Ẹ wo Sheikh Adam Abdullah al-Ilory. Ilẹ̀ Dàhómì, tí a ń pè ní Benin lónìí, ni wọ́n ti bí i ní 1917. Ó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, ó gbé e lọ sí Agége ní 1955, ó sì wà nídìí rẹ̀ títí ó fi kú ní 1992. Ó ń kọ́ni, ó ń ṣe wáàsí, ó sì kọ ìwé púpọ̀ ní èdè Lárúbáwá, pàápàá lórí ìtàn Ìsìláàmù nílẹ̀ wa. Owó ni a fi ń ra àwọn ìwé náà. Ta ni yóò sọ pé oníṣòwò ni bàbá yẹn? Ọ̀rọ̀ owó orí ìmọ̀ kì í ṣe tuntun. Àwọn ọmọ lẹ́yìn Imam Abu Hanifa ìgbà ìṣáájú kò fọwọ́ sí i kí a gba owó iṣẹ́ lórí kíkọ́ni ní Al-Kùránì. Imam Malik, tí àwa ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé, fọwọ́ sí i. Tákàdá kì í ṣe ọ̀fẹ́, ààfáà náà a sì máa jẹun.

Ìkójáde ìwé ayé ìsinsìnyí ni ó ń kọ mí lóminú. Bàbá Ọjọ́ á dé, Ìyá Ọjọ́ á dé, wọn á jókòó síwájú. Ẹni tí ń darí ètò á máa pe èèyàn bí àpò rẹ̀ ṣe wúwo tó. Wọn á na owó, wọn á ya fọ́tò, wọn á gba ìwé mẹ́wàá lọ sílé. Mo bá ọ̀kan nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ nílé olówó kan lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Inú ọ̀rá rẹ̀ ni ó ṣì wà. Ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ni kí òǹkọ̀wé gba owó náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti mọ̀ pé wọn kò ní kà á, tí ó sì ń rẹ́rìn-ín, kí ni ó wá tà fún wọn? Orúkọ ara rẹ̀ ni.

Ti ìrìn inú igbó ńkọ́? Suratul Ghashiyah, tí Ànábì (S.A.W.) máa ń kà lórí ìrun Jímọ̀ àti ti ọdún, pe èèyàn kí ó wo ràkúnmí, òkè ọ̀run, àwọn àpáta àti ilẹ̀. Àwọn ọmọ wa ti mọ súrà náà sórí láti kékeré. Kò sí ràkúnmí ní Orè. Ọkọ̀ Bìní àti ọkọ̀ Èkó ni a ń wò. (Erin ìbá dára, díẹ̀ sì ṣì kù nínú igbó Ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Olúwa, ṣùgbọ́n ta ni yóò kó ọmọ ọlọ́mọ lọ bá erin?) Mo kó àwọn ọmọ ilé kéwú mi lọ sí etí Igbó Olúwa, níbi tí igi mẹ́línà wà, igi tí ìjọba gbìn nítorí àtiṣe tákàdá. Ọmọ kan bi mí pé, “Ààfáà, kéwú wo lèyí?” Mo ní kí ó ka súrà náà. Nígbà tí ó dé ibi ràkúnmí, mo ní kí ó dúró, kí ó wo òkìtì ikán tó wà níwájú rẹ̀. Ó fi igi ya etí rẹ̀ díẹ̀. Kíá ni ikán ti jáde, tí wọ́n ń fi itọ́ po yẹ̀pẹ̀, tí wọ́n ń dí ojú ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, èmi náà kò wáàsí.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí a lè fi dá òǹkọ̀wé tòótọ́ mọ̀: bí a bá dénú igbó, ṣé ó lè dákẹ́? Bí ojú gbogbo èèyàn bá wà lára rẹ̀ tí fóònù sì ń yà á, òun ni wọ́n wá wò. N kò sì sọ pé kí a máa bọ igi o. Ẹni tó ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ìrókò ti gba ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n inú ihò Hirá, níbi tí Ànábì ti ń dá wà, ni ìmísí kọ́kọ́ bá a, Imam al-Ghazali sì ya odindi ìwé kan sọ́tọ̀ fún àròjinlẹ̀ nínú Ihya rẹ̀.

Bàbá ọmọ náà wá bá mi ní ọjọ́ kejì. Ó ní òun kò fi ọmọ òun sí kéwú kí ó lè máa wo ikán. Ó bi mí pé èló ni mo gbà lórí ìrìn náà. Mo ní n kò gba kọ́bọ̀. Ó ní, “Ààfáà, ṣé ẹ rí i? Bí ó bá níye lórí ni, ẹ ò bá ti gbowó.” A jọ jókòó síbẹ̀ títí di àsìkò ìrun àsárì, a kò sì tíì parí ọ̀rọ̀ náà.