Ààbò Àdúgbò: Iṣẹ́ Ta Ni?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Bí ẹ bá gbọ́ igbe "Olè! Olè!" ní àárín òru, kí ni ẹ máa ń ṣe? Àwọn kan á ti ilẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n á pa fìtílà. Àwọn mìíràn á fa àdá yọ, wọ́n á sáré jáde. Ẹni tí yóò rántí ọlọ́pàá kò wọ́pọ̀. Bí ẹnì kan bá sì dárúkọ ọlọ́pàá láàárín èrò, wọ́n á ní: "Kí ni wọ́n fẹ́ wá ṣe? Ṣebí wọ́n á fi í sílẹ̀ lọ́la ni."

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Ta ni ó yẹ kí ó ṣọ́ àdúgbò? Ṣé àwa tí a ń gbé inú rẹ̀ ni, àbí ọlọ́pàá tí ìjọba ń san owó oṣù fún? Bí ó bá jẹ́ àwa méjèèjì, ibo ni iṣẹ́ tiwa parí sí? Ibo ni tiwọn ti bẹ̀rẹ̀?

Àwọn baba ńlá wa kò ní ọlọ́pàá. Síbẹ̀ wọ́n ń sùn. Ní Kétu, wọ́n gbẹ́ yàrà yí ìlú ká, wọ́n sì kọ́ ẹnu ibodè tí à ń pè ní Àkàbà Ìdẹ́nà. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá tíì rí i, ẹ lọ wò ó. Ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde, ojú wà lára wọn. Àwọn ọdẹ ń rìn káàkiri lóru. Ní Àjàṣẹ́, níbi tí àwa Nàgó àti àwọn Gùn jọ ń gbé, àwọn Sangbeto ni ó ń ṣọ́ ìlú bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ní èdè Gùn, "ènìyàn òru" ni ìtumọ̀ orúkọ wọn.

Kí ni agbára àwọn olùṣọ́ wọ̀nyí? Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní oògùn ni. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí oògùn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ohun kan tí ó ju oògùn lọ: wọ́n mọ ènìyàn. Wọ́n mọ ẹni tí ó bí èyí, wọ́n mọ ilé tí ìyẹn ti wá. Wọ́n mọ ẹni tí kò lọ sí oko, tí kò lọ sí ọjà, tí ó sì ń ra aṣọ tuntun ní oṣooṣù.

Ìmọ̀ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n olè òde òní ti yára ju ẹsẹ̀ ọdẹ lọ. Alùpùpù tí wọ́n jí ní Kétu lóru lè ti kọjá ààlà sí Nàìjíríà kí àkùkọ tó kọ. Ọdẹ kò lè lé e dé ibẹ̀. Kò ní àṣẹ láti dá ọkọ̀ dúró lójú títì, kò sì ní àṣẹ láti wọ ilé onílé lọ wá ẹrù tí a jí. Ọlọ́pàá ni ó ní àṣẹ. Ó lè pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Pọ́bẹ̀ lórí ẹ̀rọ, kí wọ́n máa retí olè náà lójú ọ̀nà.

Kí wá ni ọlọ́pàá kò ní? Kò mọ̀ wá. Láyé àtijọ́, jandáàmù ni ó wà ní ìletò, ọlọ́pàá sì wà ní ìlú ńlá. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti da àwọn méjèèjì pọ̀ di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, tí à ń pè ní Police Républicaine. Aṣọ yí padà, ṣùgbọ́n àlejò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì jẹ́ láàárín wa. Wọ́n lè gbé ọmọ Natitingou wá sí Kétu. Kò gbọ́ Nàgó. Kí ó tó mọ ọ̀nà oko dáadáa, wọ́n ti tún gbé e lọ sí ibòmíràn. Òun ní àṣẹ, kò ní ìmọ̀. Àwa ní ìmọ̀, a kò ní àṣẹ. Ẹ mọ òwe náà: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Níbi tí àṣẹ àti ìmọ̀ kò bá ti pàdé, ohun burúkú ni ó máa ń gba àárín wọn kọjá. Ẹ mọ ohun tí mò ń sọ: táyà àti ẹ̀sáǹsì. Ní ọdún 1999, ní agbègbè Mono àti Couffo, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kọ́nẹ́ẹ̀lì Devi kó ènìyàn jọ láti máa lé olè. Wọ́n ń mú àwọn tí wọ́n fura sí, wọ́n ń dáná sun wọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó kú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì yìn ín nígbà náà, nítorí pé olè ti sú wọn. Mo mọ bí ó ti ń rí lára ẹni tí wọ́n kó gbogbo ẹrù rẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ ń gbóná, kò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ òfin.

Ṣùgbọ́n ta ni ó dá ẹjọ́ àwọn tí wọ́n sun? Àwọn àgbà ní ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Nínú èrò tó ń dáná sun ènìyàn, a kì í tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kan. Ariwo ni a gbọ́. Ẹni tó jẹ yín ní gbèsè lè pariwo olè lé yín lórí. Ọmọkùnrin tí ó wá wo ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ lóru, tí ojú ń tì í láti sọ ohun tó wá ṣe, lè kú ikú olè. Àlejò tí kò gbọ́ èdè wa ńkọ́? Kí ni yóò fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀? Òfin ńlá orílẹ̀-èdè wa, ti oṣù kejìlá ọdún 1990, sọ ọ́ ní abala 17 pé ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn, aláìlẹ́ṣẹ̀ ni títí ilé ẹjọ́ yóò fi dá a lẹ́bi ní gbangba.

Bí ó bá sì jẹ́ olè lóòótọ́ ńkọ́? Ẹni tí iná ti jó kò lè sọ ẹni tó ń ra ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń rà á wà nílé rẹ̀, ó ń wẹ̀, ó ń jẹun, ó ń wá ọmọkùnrin mìíràn tí yóò rán níṣẹ́. Ìgbà míì wà tí òun gan-an ni yóò kọ́kọ́ gbé ẹ̀sáǹsì wá.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí ní kíláàsì wa, ariwo sọ. Káfíńtà kan dìde, ó ní: "Tíṣà, a mú ẹni tó jí ewúrẹ́. A kò lù ú. A fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ó ti wà ní ọjà, ó ń kí wa. Ṣé kí á máa mú un lójoojúmọ́ ni?"

Ìbéèrè yìí lágbára. Ẹ jẹ́ kí á dúró lórí rẹ̀ díẹ̀.

Abala 18 nínú òfin ńlá yẹn sọ pé wọn kò gbọdọ̀ ti ènìyàn mọ́lé ju wákàtí 48 lọ, àfi bí wọ́n bá mú un dé iwájú adájọ́, tí adájọ́ sì pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá tilẹ̀ le, tí wọ́n fi ọjọ́ kún un, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 8 lọ. Ọjọ́ méjì péré ni ọlọ́pàá ní láti wá ohun tí yóò fi han adájọ́. Adájọ́ kò sí níbẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Kò rí ewúrẹ́, kò rí olè. Ìwé ni yóò kà. Bí ìwé náà bá ṣófo, kí ni yóò fi ti ènìyàn mọ́lé?

Mo wá bi káfíńtà náà: "Ta ni ó lọ sọ ohun tí ó rí fún ọlọ́pàá?" Ó ronú. Ẹni tó ni ewúrẹ́ ti rí ewúrẹ́ rẹ̀ gbà, ó ti lọ sílé. Àwọn tó mú olè náà, oko ni wọ́n gbà lọ ní òwúrọ̀. Kò sí ẹnì kan tó sọ̀rọ̀.

Ẹ má ṣe bínú sí òfin wákàtí 48 yìí. Bí ọlọ́pàá bá ṣi ọmọ yín mú lọ́la, òun náà ni yóò gbà á sílẹ̀. N kò sì ní tàn yín: ìgbà míì wà tí ó jẹ́ owó ni ó ṣílẹ̀kùn fún olè. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn márùn-ún bá ti fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ wọn lórí ìwé, ilẹ̀kùn náà á ṣòro ṣí fún owó ju bí kò bá sí ẹnì kankan lọ.

Níbí ni ẹ̀kọ́ tí ẹ ń kọ́ ti wúlò. Tẹ́lẹ̀, ẹ ó sọ̀rọ̀ ní Nàgó, ògbufọ̀ á sọ ọ́ di Faransé, ọlọ́pàá á kọ ọ́, wọ́n á sì ní kí ẹ tẹ̀ka. Ṣé ohun tí ẹ sọ ni wọ́n kọ? Ẹ kò mọ̀. Faransé ṣì ni wọ́n fi ń kọ ìwé náà, Nàgó sì ni à ń kọ́ níbí. Ṣùgbọ́n ẹ ti lè mọ orúkọ yín nínú rẹ̀. Ẹ lè ka ọjọ́, ẹ lè ka aago, ẹ lè ka iye owó àti nọ́ńbà alùpùpù. Nọ́ńbà kan náà ni ní Nàgó àti ní Faransé. Ẹ ní kí wọ́n ka ìyókù sókè, kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Kì í ṣe àfojúdi. Bí ẹ bá kí wọn dáadáa, tí ẹ fi sùúrù bèèrè, ọlọ́pàá tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú.

Ẹ tún lè ṣe èyí: ní òru ọjọ́ náà gan-an, kí oorun tó gbé yín lọ, ẹ kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé yín ní Nàgó. Aago mélòó ni? Ènìyàn mélòó ni? Àwọ̀ aṣọ wo ni? Ibo ni wọ́n gbà lọ? Èyí tí ẹ fojú rí, ẹ kọ pé ẹ rí i. Èyí tí ẹ gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò, ẹ kọ pé ẹ gbọ́ ọ ni. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá, orí á ti da méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n ìwé kò ní dà á pọ̀.

Àwọn kan á ní: "A kì í ti kóòtù bọ̀ kí á ṣọ̀rẹ́. Ṣé kí n lọ fi ọmọ aládùúgbò mi sun?" Òwe yẹn, òótọ́ ni. Ààlà oko, gbèsè, èébú, ìjà orogún, àwọn àgbà àdúgbò ni ó ni ìyẹn. Ọmọdé tó jí adìyẹ, ìyá rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. N kò rí ohun tí ọlọ́pàá fẹ́ bá a ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó fọ́ ilé lóru pẹ̀lú ìbọn tàbí àdá, òun fúnra rẹ̀ ni ó ti ba ọ̀rẹ́ jẹ́ kí kóòtù tó dé. Èkejì sì nìyí, ó sì le jù ú lọ: ẹni tó fi ipá bá ọmọdébìnrin lò pọ̀, tí àwọn àgbà ń fẹ́ fi ewúrẹ́ àti ìgò ọtí parí rẹ̀ nílé. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń là nílé. Ọmọ náà ṣì ń rí i lójoojúmọ́ lójú ọ̀nà omi. Ẹni tó bá mọ̀ tí ó dákẹ́, kí ó má ṣe pè é ní àlàáfíà.

Mo ti bá ẹ̀yin ará àdúgbò wí tó. Lójú tèmi, ẹrù ọlọ́pàá ni ó wúwo jù. Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ ìyá elépo lójú títì lọ́sàn-án, ìyá náà kò ní sọ ohun tó rí lóru fún un. Ọlọ́pàá tó bá sì lọ sọ fún olè pé, "Ìyá alákàrà ló wá sọ fún wa," ti pa ẹnu gbogbo àdúgbò dé. Ó lè tó ọdún mẹ́wàá kí ẹnu náà tó tún là. Ọlọ́pàá tí ó ń yà ní ilé olórí àdúgbò, tí ó ń kí àwọn ìyá ọlọ́jà, tí ó ń wá sí ìsọmọlórúkọ, ìròyìn á máa wá bá a níbi tó jókòó sí. Kí àwọn ọdẹ náà fi orúkọ wọn lé olórí àdúgbò lọ́wọ́, kí òun náà mú un dé kọ̀misáríà, kí ọlọ́pàá má bàa rò pé olè ni ẹni tó dìbọn lóru.

Ìyá kan wà ní kíláàsì wa, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ọjọ́ yẹn, ó bi wá pé: "Bí ó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni olè náà ńkọ́?" Gbogbo wa dákẹ́. Òun náà ni ó dá ara rẹ̀ lóhùn. Ó ní òun á fà á lọ́wọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ní ojúmọmọ, kí àwọn èrò tó rí i lóru. Ọkùnrin kan ní: "Bí wọ́n bá lù ú níbẹ̀ ńkọ́?" Ó ní òun á jókòó sí ẹnu ọ̀nà títí wọn á fi mú un dé iwájú adájọ́. Ó wá bi mí bóyá òfin gbà á láàyè láti jókòó síbẹ̀.