Ìrètí Yàtọ̀ sí Ìtanra-ẹni-jẹ

Ǹjẹ́ gbogbo ìtanra-ẹni-jẹ ló burú? Lọ́dún 1988, Shelley Taylor àti Jonathon Brown kọ ọ́ ní Amẹ́ríkà pé ẹni tí ó bá ka ara rẹ̀ kún díẹ̀ ju bí ó ti rí lọ sábà máa ń láyọ̀, ó sì máa ń tẹra mọ́ṣẹ́. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹni tí ó ń fẹsẹ̀ rìn láti Ìkìrun lọ sí Òkukù, tí ó dé Ìnísà tí ó ní "ó kù díẹ̀," ara rẹ̀ ni ó ń gbà níyànjú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọjú sí Òṣogbo, tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀, tí kò sì fẹ́ bèèrè ọ̀nà ńkọ́?

Ohun tí ó ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn nínú MMM lọ́dún 2016 nìyẹn. Èrè 30 nínú 100 lóṣù kan! Báńkì àgbà ilẹ̀ wa kìlọ̀, wọn kò gbọ́. Wọn kò fẹ́ bèèrè ibi tí èrè ti ń wá. Nígbà tí ó di oṣù Disẹ́ńbà, owó há.

Odidi ìwé kan ni Imaamu Ghazali (tí ó kú lọ́dún 1111) fi sọ̀rọ̀ ẹ̀tàn yìí nínú Ihyau rẹ̀; kò yọ onímímọ̀ àti olùjọ́sìn sílẹ̀.

Ìrètí a máa múni ṣiṣẹ́. Ẹ̀tàn a máa sá fún ìbéèrè. Kí á tó sùn lálẹ́, kí oníkálukú bi ara rẹ̀ pé: ìbéèrè wo ni mo ń sá fún? Kí Ọlọ́hun là wá lójú. Àmín.